Ìdáhùn Tí Mo Yí Padà Lẹ́yìn Tí Iná Ti Jó Bísí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi sílẹ̀, ìtìjú ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì dà nínú mi. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ìyá mi tó wà ní Ìwó ò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí ni àpótí irinṣẹ́ kan tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Túsìdé. Àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ti ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ ṣì máa bú mi ṣá.

Fíríìjì ni mo ń tún ṣe, ní Ìsọlọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọjọ́ orí mi, torí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gúrúùpù kan wà lórí fóònù tí àwa tá à ń tún fíríìjì ṣe máa ń wọ̀. Yorùbá la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dojú rú mọ́ ẹ lọ́wọ́, wàá ya fọ́tò, wàá béèrè, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá ẹ lóhùn. Tí ìdáhùn náà bá ran èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á tẹ "Ó wúlò", onítọ̀hún á sì gba pọ́íǹtì mẹ́wàá. Tẹ́nì kan bá tẹ "Kò wúlò", pọ́íǹtì méjì á kúrò. Tí àwọn tó tẹ "Kò wúlò" bá ti pọ̀ díẹ̀, ìdáhùn náà á lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tójú ò ti ní tètè rí i. Iye pọ́íǹtì ẹ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ, gbogbo ayé ló ń rí i.

Mi ò ní parọ́ mọ́ pọ́íǹtì, ó ṣe mí lóore. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, fíríìjì ìyá kan tó ń ta omi tútù dààmú mi fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mo béèrè nínú gúrúùpù, èèyàn mẹ́fà dáhùn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ohun tó yàtọ̀ síra. Mo wo pọ́íǹtì wọn, mo tẹ̀lé ẹni tó ní jù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ìyá náà ti ń dì. Látọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ẹni tó ní pọ́íǹtì ló mọṣẹ́.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Torí kí n lè dáhùn dáadáa, mo ń ka ìwé tó máa ń wà nínú páálí fíríìjì tuntun, èyí tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi nu ọwọ́. Èmi tí mo sá fún ìwé nílé ẹ̀kọ́, pọ́íǹtì ló mú mi jókòó ti ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó dé ibi tó burú.

Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe rí. A ò lè bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ́ láìmọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Nínú gúrúùpù yẹn, orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo wa ń lò, a ò rójú ara wa, a ò mọ ẹni tó yẹ ká pè ní "ẹ" àti ẹni tó yẹ ká pè ní "ìwọ". Mi ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, pọ́íǹtì la fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹni tí pọ́íǹtì ẹ̀ bá ju tìẹ lọ, ẹ̀gbọ́n ẹ nìyẹn. Tó o bá kọjá ẹnì kan lánàá, láàárọ̀ òní ó ti ń kí ẹ pé "Ẹ káàárọ̀ sà". Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀. Gbogbo wa kàn ń pa á mọ́ ni.

Yìnyín ni mò ń jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí pọ́íǹtì mi wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, mo di Ẹ̀gbọ́n Yìnyín. Mo fẹ́ràn ẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Èmi ni àbígbẹ̀yìn nílé wa. Títí dòní, tí mo bá délé, wọ́n ṣì máa ń rán mi lọ ra ìyọ̀. Inú fóònù nìkan ni mo ti jẹ́ àgbà.

Obìnrin kan wà nínú gúrúùpù tó ń jẹ́ Bísí. Òkè-Àfá ló ń gbé, fíríìjì lòun náà ń tún ṣe. Obìnrin ò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Bàbá ẹ̀ kórìíra iṣẹ́ náà, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, ó ní kó lọ kọ́ irun dídì. Tí Bísí bá délé oníbàárà, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ọ̀gá ẹ̀ ń bọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wa, a sì jọ máa ń fi ṣẹ̀rín. Ó fọkàn tán mi ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Tí ẹlòmíì bá tiẹ̀ dá a lóhùn, á ṣì kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n Yìnyín ńkọ́, kí lẹ rí sí i?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bísí fi fọ́tò ẹ̀yìn fíríìjì kan ránṣẹ́. Ilé ìdáná oníbàárà ẹ̀ ló wà. Ó ní páìpù kan ti ń jò, òun fẹ́ yọ ọ́ kí òun fi iná jó tuntun mọ́ ọn, báwo ni kí òun ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀yin tẹ́ ò sí nídìí iṣẹ́ wa. Gáàsì tó wà nínú fíríìjì àtijọ́ kì í gbaná. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun yàtọ̀, ó máa ń gbaná bíi gáàsì tẹ́ ẹ fi ń dáná. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń lẹ àwòrán iná mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lè ṣọ́ra. Àwòrán yẹn wà nínú fọ́tò Bísí, ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Mi ò rí i torí mi ò wò ó.

Ìdí tí mi ò fi wò ó ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni wọ́n sábà máa ń tẹ "Ó wúlò" fún. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́ pé: "Gbé iná sójú ibi tí wọ́n jó pọ̀, á tú fúnra ẹ̀. Fà á yọ, kó o jó tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni." Kí n tó gbójú sókè, èèyàn méje ti tẹ "Ó wúlò".

Ẹnì kan wá kọ nǹkan sábẹ́ tèmi. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ló ń jẹ́, pọ́íǹtì mẹ́rìnlá péré ló ní. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn. Ẹ wo àwòrán tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò yín. Ẹ kọ́kọ́ gbé fíríìjì náà síta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ fi irin ìgépáìpù gé e, ẹ jẹ́ kí gáàsì inú ẹ̀ jáde tán pátápátá."

Mo padà lọ wo fọ́tò náà. Mo sì rí àwòrán iná.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́jọ́. Mo rí i. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ara mi gbóná. Mo sọ fún ara mi pé páìpù tó ti ń jò, kí ni gáàsì tó kù níbẹ̀? Mo tún wo mẹ́rìnlá yẹn. Pé ẹni tó ní mẹ́rìnlá máa wá tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lójú gbogbo èèyàn!

Mo kọ ọ́ sí i pé: "Àbúrò, àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ là ń sọ̀rọ̀. Lọ kó pọ́íǹtì jọ ná." Àwọn èèyàn fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Mo tẹ "Kò wúlò" sí ọ̀rọ̀ ẹ̀, àwọn márùn-ún tó máa ń tẹ̀lé mi náà tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ohun tó kọ padà ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Bísí kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Mo rí i. Àyè ṣì wà fún mi láti sọ fún un pé kó dúró. Ọ̀rọ̀ kan ni. Mo fi fóònù sápò, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan láti Èjìgbò kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé iná ti jó Bísí nílé ìdáná oníbàárà. Ọwọ́ méjèèjì, àti ẹ̀gbẹ́ ojú kan. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù.

Orí ìdúró ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mo jókòó sórí fíríìjì kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò ní gbà pé kì í ṣe Bísí ni mo kọ́kọ́ pè. Ìdáhùn mi ni mo lọ ṣí. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Tún un kọ" sí, gúrúùpù wa kì í sì í fi hàn pé ẹnì kan ti yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Mo pa èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "Má gbé iná sún mọ́ ọn o. Kọ́kọ́ gbé e síta, kí gáàsì inú ẹ̀ jáde tán." Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mo jí kọ. Mo pa èébú tí mo bú u rẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń wọlé wá kà á, ohun tí wọ́n rí ni pé Ẹ̀gbọ́n Yìnyín ti kìlọ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀gbọ́n sọ fún un ṣá." Òmíì ní obìnrin kì í gbọ́ràn. Àwọn méje tó kọ́kọ́ tẹ "Ó wúlò", ẹnì kan nínú wọn ò sọ pé òun rántí nǹkan míì. Mo rò pé wọn ò kà á rárá, orúkọ mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń tẹ "Ó wúlò" sí ìkìlọ̀ èké yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò gba pọ́íǹtì tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ rí.

Nígbà tí wọ́n dá Bísí sílẹ̀ ní ọsibítù, mo ra ọsàn, mo lọ kí i ní Òkè-Àfá. Èmi àtiẹ̀ ò tíì fojú kanra rí. Ó fi ìborùn bo ọwọ́ ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kìlọ̀ fún mi, èmi ni mi ò gbọ́. Ẹ forí jì mí."

Ó ń bẹ̀ mí. Ẹ gbà mí, ó ń bẹ èmi.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo ti lanu. Bàbá ẹ̀ bá wọlé, ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú lórí ọmọ òun, ó ní etí dídi ló bá a jà. Ó gbé mínírà tútù fún mi látinú fíríìjì tí Bísí fúnra ẹ̀ tún ṣe. Mo mu ún tán, mo dìde, mo lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gúrúùpù wa ṣèpàdé ojúkojú, ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Àjàó Estate. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo wa tíì rí ara wa nìyẹn. Pọ́íǹtì náà ni wọ́n fi tò wá jókòó. Èmi wà níwájú, torí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ádímín, ìyẹn ẹni tó lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò tó sì lè yọ èèyàn kúrò. Oníkálukú ń dìde, ó ń sọ orúkọ tó ń jẹ́ nínú gúrúùpù àti iye pọ́íǹtì tó ní.

Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Irun ẹ̀ funfun, ó so okùn mọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni Ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Pọ́íǹtì méjì ni mo ní." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ̀kọ́ nípa fíríìjì lòun fi kọ́ àwọn ọmọ títí òun fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí mo pè ní àbúrò nìyẹn. Ó tó bí bàbá mi.

Nígbà tí ìpàdé parí, ó rìn wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn èèyàn rò pé ìwà rere ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wá sétí mi, ó ní, "Dìde. Mo ka ohun tí o kọ kí o tó yí i padà. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn ti gbọ́ ọ." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní ìwọ. Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹni pé ó gbá mi létí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣíwọ́ kíkà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fi mí ṣe ádímín, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ bàbá náà kúrò nínú gúrúùpù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kankan ò béèrè. Ta ló máa béèrè ẹni tó ní pọ́íǹtì méjì? Látìgbà náà, tí fóònù mi bá dún, mo máa rò pé òun ni. Kò pè mí rí. Kò sọ fún ẹnì kankan, bó ṣe ṣèlérí.

Wàyí o, Túsìdé tó kọjá. Bísí bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ dání. Ojú ẹ̀ ti ń san, àmọ́ ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ò ká dáadáa mọ́. Ó ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun máa bá àǹtí òun jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà. Ó ní kì í ṣe torí ìka, ìka ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò fọkàn tán ara òun mọ́ ni, pé ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún tí ò gbọ́, ọjọ́ míì ó lè fi ilé onílé jóná.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún obìnrin tó bá ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ rí i pé ó máa ń gbọ́ràn." Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí òun lè mọ ẹni tí mo fún.

Nígbà tó lọ, mo ṣí àpótí náà. Ó fi tówẹ́lì we irin kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ìwé eserésáìsì kan wà, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń já. Mo ṣí i. Ìdáhùn mi ló kún inú ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti dá a lóhùn látìgbà tó ti wọ gúrúùpù, ó fọwọ́ kọ ọ́ kó tó lọ ṣiṣẹ́. Ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni "Ẹ̀gbọ́n Yìnyín ní".

Mo ń ṣí i lọ títí mo fi dé ti ọjọ́ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n Yìnyín ní kí n gbé iná sójú ibi tí wọ́n jó pọ̀, á tú fúnra ẹ̀." Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe dà á kọ, títí dórí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti fi báírò pupa fagi lé e. Ó wá kọ ìkìlọ̀ èké mi sábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ti yí padà torí ìka tó jóná. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ìlà kan: "Èmi ni mi ò kà á dáadáa."

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tó dé láti ọsibítù, tó rí i pé ohun tó wà lórí fóònù yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀, orúkọ mi ló gbà gbọ́. Kò gba ojú ara ẹ̀ gbọ́. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan wọlé, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ ọ́, gúrúùpù máa lé mi, ìdajì àwọn oníbàárà mi ló sì jẹ́ pé àwọn ará gúrúùpù ló darí wọn sí mi, torí orúkọ tí mo ní níbẹ̀. Bàbá ẹ̀ lè fi ọlọ́pàá mú mi, mi ò lè bínú. Tí mi ò bá sọ ọ́, Bísí máa jókòó ti rọ́bà títí ayé ẹ̀, á máa rò pé etí òun ló di. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Èmi ni mo lé e, mi ò mọ ilé ẹ̀, mi ò ní nọ́ńbà ẹ̀. Tẹ́nì kan nínú yín bá mọ tíṣà àgbà kan tó so okùn mọ́ awò ojú ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé àbúrò ni mí.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tẹ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ padà síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé Bísí. Mi ò tíì ní kó lọ.

Sátidé ọ̀tunla ni Bísí ń bọ̀. Mi ò tíì fún ẹnì kankan ní irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ lóòótọ́: tí mo bá gbé àpótí náà padà fún un, tí mo ṣí ìwé náà síwájú ẹ̀, tí mo ní kó fún mi ní báírò pupa kí n fagi lé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé ó máa fún mi?